Àmù Elétí Méjì Inú Àgbàlá Nomikos

Bristol,
Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, 1971

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo kí ẹsẹ̀ yín tó máa ń ro yín bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí. Èmi náà wà. Òtútù ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Kànìnkàn inú òkun tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fi ń wẹ̀, àwọn obìnrin tí a jọ ń gbélé sì ń wò ó bí ẹni rí ẹranko.

Iṣẹ́ mi ò tíì yí padà. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Pelham, olùkọ́ yunifásítì tó ń wá àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó rì sínú òkun wa, ṣì ń kó àfọ́kù ìkòkò wá fún mi. Màá fọ̀ ọ́, màá yà á sórí ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi fọ́tò tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ní Àjíǹde hàn án, torí ó ní òun fẹ́ rí ojú àwọn òbí mi. Kò tiẹ̀ wo ojú yín. Àmù elétí méjì tó wà lẹ́yìn yín lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ló ń wò, títí kọfí rẹ̀ fi tutù. Ó ní irú àmù ọlọ́rùn gígùn bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì rí ju mẹ́ta lọ, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti mọ ọ́n, àti pé níbi tí ọ̀kan bá ti jáde, odidi ọkọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i? Jíjìn omi ibẹ̀ tó mítà mélòó? Ṣé iyanrìn ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀ àbí àpáta? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Sevasti


Kalymnos,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, 1971

Sevasti ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì bi ara mi pé ta ló kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ. Láti ìgbà wo ni ọmọ mi ti ń fi mítà wọn òkun? Nílé tí a bí ọ sí, apá tí a nà la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí Gẹ̀ẹ́sì náà bá jókòó tì ọ́ nígbà tí ò ń kọ̀wé, bá mi kí i.

Ọwọ́ apẹja kan ní etíkun Áfíríkà ni mo ti gba àmù yẹn. Àpò tábà kan ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Apẹja náà ti kú. Omi òjò la ń gbè sínú rẹ̀, ìyá rẹ sì ń kùn ún ní ẹfun lọ́dọọdún pẹ̀lú ògiri àti àtẹ̀gùn. Ohun tó jẹ́ nìyẹn.

O mọ̀ pé òfin ní ohun àtijọ́ tó bá ti inú òkun jáde, ti ìjọba ni. O wá mú fọ́tò rẹ̀ fún àjèjì. Àwọn kan ń ka lẹ́tà ká tó kà á láyé ìsinsìnyí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Má bi mí mọ́.

Bàbá rẹ,
Nomikos


Bristol,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, 1972

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó jókòó tì mí. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá, ibọ̀sẹ̀ méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tábà yẹn ò wọ̀ mí létí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí àmù náà wọlé wa. Mo rántí torí ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi Mikes kú sí Áfíríkà, níbi tí ẹ jọ lọ wá kànìnkàn, tí a ò sì ṣe Kérésìmesì. Oṣù kẹwàá lẹ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ gbé àmù náà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń taari kẹ̀kẹ́ ẹrù ní èbúté fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ sì jágbe mọ́ ọn. Ta ló ń gbé ìkòkò tó fi tábà pààrọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún mi. Ìwé ìgbélùú mi yóò parí lóṣù kẹsàn-án. Bí Ọ̀gbẹ́ni Pelham bá rí ọkọ̀ yẹn, yóò gbà mí síṣẹ́ pátápátá, orúkọ mi yóò sì wà lábẹ́ àwòrán tí mo bá yà. Bí kò bá rí i, màá padà wálé wá máa gé ìdọ̀tí kúrò lára kànìnkàn ní ilé ìtajà, bí gbogbo ọmọbìnrin tí a jọ kàwé. Mi ò ní kí ẹ fún mi lówó. Ibì kan ṣoṣo nínú òkun ni mò ń bẹ̀ yín fún.

Ọmọ yín,
Sevasti


Kalymnos,
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, 1972

Sevasti ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ yìí. Ìyá rẹ ti kun gbogbo ilé ní ẹfun, ó kù díẹ̀ kó kun èmi náà. Ó fi bisikíìtì Àjíǹde ránṣẹ́ sí ọ, má fún Gẹ̀ẹ́sì jẹ.

Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé torí mò ń ronú. Mo ti darúgbó, èmi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi padà wálé pẹ̀lú ìtìjú. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló jẹ́ kí n pa á. Gba àmì ibẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

Kí wọ́n jáde láti èbúté wa, kí wọ́n kọjá ṣóńṣó ilẹ̀ Kefala tó yọ sínú òkun. Kí wọ́n máa lọ títí àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Èlíjà Mímọ́ yóò fi bọ́ sí àárín gbùngbùn àlàfo òkè méjì, tí àpáta pupa yóò sì bo ẹnu ọgbà ewúrẹ́. Níbi tí àmì méjèèjì bá ti pàdé, kí wọ́n ju ìdákọ̀ró. Apá mẹ́tàlélógún ni.

Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní àmì yìí rí. Máa tọ́jú ara rẹ.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Nomikos


Bristol,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje, 1972

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọ̀gbẹ́ni Pelham àti àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ fi wà níbi àmì yín. Èmi wà níbí, mò ń dúró de tẹlifóònù. Iyanrìn ni wọ́n rí. Lẹ́yìn iyanrìn, wọ́n rí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Nígbà tó padà dé kò bú mi. Ó kàn ń pè mí ní "ìwọ" dípò orúkọ mi.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ èmi àti Mikes nígbà tí a wà ní kékeré pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní àmì ibi tí kànìnkàn pọ̀ sí, kí a má sọ pé a ò mọ̀, kí a fún un ní àmì tó dára débi tí yóò fi dúpẹ́. Ana ẹni pàápàá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹrin, bàbá. Mo kọ odidi ojú ìwé méjì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kà mí mọ́ àwọn àjèjì.

Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo tún àmì náà kà. Ọdún 1956 ni àmù dé ilé wa. Àbúrò ìyá mi ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Èlíjà Mímọ́ yẹn, ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ nígbà tí ìjì fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀, ọdún 1960 sì ni. Mo bá wọn gbé omi fún àwọn bíríkìlà. Báwo lẹ ṣe fi àgbélébùú tí kò tíì sí ṣe àmì? Irọ́ yín náà ti ń darúgbó.

Kalliope, ọ̀rẹ́ mi ní àdúgbò wa, kọ̀wé pé ọkùnrin kan láti Athens tó ní ọkọ̀ funfun jókòó nínú àgbàlá wa, ó mu kọfí, ó ń yí àmù náà ká. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣé ẹ̀ ń tà wọ́n ni? Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe lé Ọ̀gbẹ́ni Pelham lọ sórí iyanrìn? Mi ò ní pa òwe amóòkùn-jalè tán fún bàbá mi. Ẹ mọ ìparí rẹ̀.

Sevasti


Kalymnos,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, 1972

Sevasti,

Ọkùnrin Athens wá. Ó mu kọfí torí àlejò ni. Nígbà tó nawọ́ kan àmù, mo fi ọ̀pá mi lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ju fìlà rẹ̀ tẹ̀lé e. Kalliope ò kọ ìyẹn sí ọ torí kò dùn tó èyí tó kọ.

Ogójì ọdún ni mo fi wọ òkun. Mo jí kànìnkàn níbi tí wọ́n ní ká má gbé e, èmi náà mọ̀. Mi ò tíì ta ohun kan rí tí ojú yóò fi tì mí níwájú ọmọ mi.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí wàá fi rántí ẹni tó bí ọ.

Nomikos


Kalymnos,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, 1972

Sevasti ìyá mi,

Èmi Themelina ni, ìyá rẹ. Fúnra mi ni mo ń kọ ọ́, nítorí náà má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Bàbá rẹ wà ní ilé kọfí. Kò sọ fún mi ohun tó wà láàárín yín, èmi náà ò bi í. Mo kàn rí i pé o ò kọ̀wé mọ́, òun náà ò sì lọ sí ilé lẹ́tà mọ́.

Kalliope ní wọ́n ti tún ìwé rẹ ṣe fún ọdún kan sí i. Mo dúpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Ọdún kẹrìndínlógún tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú nìyí. Gbogbo ìyá tí ọmọ wọn kú ní òpópónà wa ló ti hú egungun ọmọ wọn bí àṣà wa, wọ́n ti fi wáìnì fọ̀ ọ́, wọ́n ti gbé e sínú àpótí ní ilé egungun. Tèmi nìkan ló ṣófo. Láti ọdún 1959 ni mo ti ra àpótí náà, aṣọ ìnura ni mò ń kó sínú rẹ̀. Bí mo bá bi bàbá rẹ, á ní kò sí ọkọ̀ tó ń lọ. Nígbà tó yá ó ní àlùfáà ibẹ̀ ti kú. Nísinsìnyí ó ní ìjọba tuntun ibẹ̀ ti ti itẹ́ òkú pa. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, ńṣe ló máa jáde lọ jókòó ti àmù.

Ọkọ mi ni, mi ò fẹ́ ro nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n mò ń rò ó.

O wà ní ìlú tí òǹtẹ̀ wọn lágbára. Bá mi kọ̀wé sí àlùfáà ìlú Derna ní Áfíríkà níbi tí wọ́n sin ín sí. Bi í ohun tí a ó ṣe kí n tó kú. Má sọ fún bàbá rẹ.

Ìyá rẹ


Bristol,
Ogúnjọ́ oṣù kejìlá, 1972

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Ilé kọfí ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí kí ìyá mi má baà rí i. Ẹ kà á níbi tí ẹ bá dá wà.

Mo kọ̀wé sí àlùfáà Derna nípa egungun Mikes. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní ìwé ìsìnkú wà lọ́wọ́ òun láti ọdún 1920. Ní ọdún 1956, òmùwẹ̀ Kalymnos méje ni wọ́n sin síbẹ̀, ó sì kọ orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Mikes ọmọ Nomikos ò sí níbẹ̀. Kò sí ní ọdún tó ṣáájú, kò sí ní èyí tó tẹ̀lé e.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo ti rò pé ìṣúra lẹ̀ ń ṣọ́. Mo ti fi yín ṣe olè lọ́kàn mi, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ní báyìí ohun tí mò ń rò burú ju olè lọ, mi ò sì lè sùn. Ẹ sọ fún mi pé mi ò gbọ́n.

Bàbá, níbo ni Mikes wà?

Sevasti


Kalymnos,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 1973

Sevasti ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ ní ilé kọfí, mo fi sápò, mo ta ayò kan pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n nà mí, mo lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń gbé e kiri.

Mikes ò dé Áfíríkà. Ọjọ́ kejì tí a kúrò nílé lẹ́yìn Àjíǹde, a dákọ̀ró sẹ́yìn Erékùṣù Ewúrẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dán aṣọ òmùwẹ̀ wò. Aṣọ kan ṣoṣo, akoto idẹ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ wa ní. Èmi ni mo di okùn rẹ̀ mú. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn di okùn ọmọ mi mú rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fa okùn apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ká gbé e sókè. Àmù yẹn ló jáde. Ó ti so okùn mọ́ ọn létí bó ṣe máa ń so ó, kókó rẹ̀ yí síhà òsì, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Mo sọ fún àwọn yòókù pé ẹ wò ó, ó ti ra ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀ ká tó dé ọjà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí rọ́bà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú ọkọ̀ le gbandi. Òkìtì àmù ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ga tó ilé. Èyí tó yọ ló jẹ́ kí àwọn tó kù ya lé òun àti rọ́bà náà. Mo fa okùn ọmọ mi. Mo fà á títí ó fi já.

Ta ni ì bá wọlé lọ gbé e? Aṣọ wà lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà níbẹ̀ tí a ń wo omi. Ní ọjọ́ kẹta mo kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a jọ wà nínú ọkọ̀ síwájú àwòrán Nikólà Mímọ́, wọ́n búra pé Áfíríkà ló kú sí, nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àlùfáà. O mọ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò ní sàréè ṣe ń rí ní ìlú wa. Ó máa ń sè àlìkámà tí a ń gbé sórí sàréè fún òkú, kò ní mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mi ò lè gbé ọmọ rẹ̀ fún un. Mo fún un ní sàréè.

Ní Áfíríkà mo ra aṣọ mìíràn. Nígbà tí à ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá, èmi fúnra mi wọ ibẹ̀ lọ. Mo rí i, Sevasti. Mo gbé ọwọ́ lé akoto idẹ rẹ̀. Mo ń gbé àmù kúrò lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa okùn pé kí n máa bọ̀, mi ò dá wọn lóhùn, ni wọ́n bá fà mí jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ kí n máa dúró díẹ̀díẹ̀ bí òmùwẹ̀ ṣe ń gòkè. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi kú sí.

Mi ò bìkítà fún ọkọ̀ ayé àtijọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí àjèjì rí ọmọ mi lójijì, kí ìròyìn rẹ̀ ti èbúté wọlé bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń gbálẹ̀.

Gba àmì náà. Èyí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú. Kí ẹnu ihò dúdú tó wà ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà ṣe wẹ́kú pẹ̀lú òkúta tó dà bí ìjókòó. Kí igi kárọ́ọ̀bù àtijọ́ wà lórí ilé olùṣọ́-àgùntàn gan-an. Apá mẹ́rìnlélógún. Má fi han ẹnikẹ́ni títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi wà nínú ọkọ̀ náà. Kí wọ́n má fọwọ́ kan àmù kankan títí òun yóò fi jáde.

Ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Sọ pé ọkọ̀ kan ló gbé e ti Áfíríkà bọ̀.

Mo ti bínú sí ọ, torí pé mo bẹ̀rù rẹ.

Bàbá rẹ


Ẹ̀yìn Erékùṣù Ewúrẹ́,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, 1973

Bàbá mi,

Apẹja ni mo fi èyí rán. A rí i ní àárọ̀ àná. Ọ̀gbẹ́ni Pelham dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: òmùwẹ̀ méjì ló wọlé, wọn ò gbé nǹkan mìíràn. Wọ́n gbé akoto idẹ, bàtà òjé méjèèjì, àti òun. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, gbogbo wọn bọ́ fìlà. Ọ̀gbẹ́ni Pelham ti fún mi níṣẹ́ náà. Mo rò pé inú mi yóò dùn ju báyìí lọ.

Ìwé ọlọ́pàá ti parí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ a ó dé èbúté. Màá sọ pé láti Derna ni, bí ẹ ṣe fẹ́. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ẹ dárí jì mí fún òwe olè. Ẹ fá irùngbọ̀n yín.

Ọmọ yín,
Sevasti


Kalymnos,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, 1973

Sevasti ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀, mo gbọ́ pé òjò ń pa yín. Mo gba fọ́tò àwòrán tí orúkọ rẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e kọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nikólà Mímọ́.

Bàbá rẹ wà ní ilé kọfí, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀. O ṣe dáadáa lọ́jọ́ tí a fọ egungun ẹ̀gbọ́n rẹ. O di abọ́ wáìnì mú títí mo fi fọ̀ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ Derna, ògiri lò ń wò.

Nígbà tí mo ń fọ orí, mo rí nǹkan kan nínú ihò etí rẹ̀. Ó kéré, ó funfun, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Mo fi àtàǹpàkò ha á, kò kúrò. Wáìnì ò sì mú un. Mo mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ lára ọrùn àmù wa. Láti ọdún tí àmù náà ti dé ni mo ti ń ha á tí kò kúrò, tí mo sì ń fi ẹfun bò ó. Ọmọ òmùwẹ̀ ni mí, mo fẹ́ òmùwẹ̀, mo bí òmùwẹ̀. Ohun tó ń hù nínú òkun kì í hù nínú iyanrìn Áfíríkà. Mo yára fi aṣọ bo orí náà kí àlùfáà má baà rí i.

Okùn wà létí àmù yẹn lọ́jọ́ tó dé, tí bàbá rẹ gbàgbé láti tú. Èmi ni mo tú u. Òsì ni wọ́n yí kókó rẹ̀ sí, bí Mikes ṣe máa ń so ó. Mo ní bóyá ó so ó kó tó kú ni. Mo fi í pamọ́, nígbà tí mo sì ra àpótí, mo kó o sísàlẹ̀ aṣọ ìnura nínú rẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Okùn náà ti wà lọ́dọ̀ Mikes níbẹ̀ báyìí.

Má sọ fún bàbá rẹ pé mo mọ̀. Ó ń sùn. Ó ń hanrun láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mi ò ti gbọ́ irú ẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé mo mọ̀, á ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún mi, ara rẹ̀ ò sì gbà á mọ́. Èmi àti ìwọ, Derna ni a ó máa sọ.

Ọ̀gá rẹ kọ̀wé pé ìjọba ti gbà kí àmù náà lọ jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù ní ilé ohun àtijọ́. Sọ fún un pé kó máa kó àwọn tó kù. Èyí ò lọ ibì kankan. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi.

Bí Àjíǹde bá dé, màá kun ògiri, màá kun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mi ò ní kun àmù náà mọ́. Bí bàbá rẹ bá bi mí, màá sọ fún un pé ẹfun ti wọ́n.

Ìyá rẹ,
Themelina